Kí Ọgbà Ìṣòwò Tó Dé: Ìwé Àṣẹ Ìlò Ilẹ̀ àti Ẹni Tí Yóò Ru Ẹrù Rẹ̀

Ẹ ní kí n wá sọ bí a ṣe ń tọrọ àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́ ọgbà ìṣòwò sí. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé òfin. Otigba ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ Computer Village ní Ìkẹjà nínú wa. Àdúgbò ilé gbígbé ni Otigba, Ola Ayeni, Pepple àti àwọn òpópónà tó yí wọn ká tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ ni àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà àti àwọn tó ń tún un ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba yàrá ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílé. Fóònù alágbèéká dé ní 2001, ọjà náà bá gba gbogbo àdúgbò. Pálọ̀ di ìsọ̀. Ibi tí onílé ń gbé mọ́tò sí di ìsọ̀. Abẹ́ àtẹ̀gùn di ìsọ̀. Wọ́n fi pákó bo ojú gọ́tà, òun náà di ìsọ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni jókòó tó ní kí ó rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n pe àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jọ láti bi wọ́n léèrè.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi yé o. Ọjà yẹn ti fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ níṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ láìlọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan, tí wọ́n sì ti di ọ̀gá. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni bú u. Àmọ́ sọ́kàwéè tí wọ́n gbẹ́ fún ìdílé kan ni ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń lò. Tàránfọ́mà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún fìríìjì àti fáànù ló ń gbé ẹ̀rọ àìmọye ìsọ̀. Òpópónà tí wọ́n là fún mọ́tò díẹ̀ tó ń lọ sílé ló wá ń gba ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tó yá, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní òun yóò kó ọjà náà lọ sí Katangowa, ní Agbado/Òkè-Odò, níbi tí wọ́n ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọgbà ìṣòwò kọ̀ǹpútà. Ìjọba kan lọ, òmíràn dé, ọ̀rọ̀ kíkó lọ náà kò tíì tán nílẹ̀.

Ohun tó gbé mi wá kò ju ọ̀kan lọ. Nígbà tí ènìyàn bá lọ tọrọ àṣẹ lórí ilẹ̀, ìlú ló ń bi í ní ìbéèrè kan: àwọn èrò tí o fẹ́ kó wá síbí, mọ́tò wọn, ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, omi òjò tí yóò ti orí òrùlé rẹ ṣàn wá, ariwo jẹnẹrétọ̀ rẹ, ta ni yóò ru ẹrù wọn? Bí oníṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ ọgbà náà kò bá dáhùn kí ó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, àwọn aládùúgbò ni yóò fi ara àti owó ara wọn dáhùn lẹ́yìn ìgbà náà. Gbogbo fọ́ọ̀mù, gbogbo àwòrán, gbogbo owó tí ẹ ń gbọ́ pé wọ́n ń gbà, ìbéèrè yìí ló wà nídìí wọn.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé òyìnbó ló kó pípín ilẹ̀ sí ìlò wá. Kí wọ́n lọ wo ìlú àtijọ́. Ní Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì, ẹ̀bá ààfin ni Ọjà Ọba wà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pàdé, ibẹ̀ náà sì ni ojú ọba àti ti àwọn ìjòyè ti tó ìjà àti ìrẹ́jẹ. Oko etílé wà nítòsí odi ìlú, oko ẹgàn jìnnà. Igbó orò ní ààlà tí kò sí ẹni tó jẹ́ kọ́lé ré kọjá rẹ̀, bí ó ti wù kí ó lówó tó. Àwọn bàbá wa kò ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ dá ọjà tuntun sílẹ̀, ó ní ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá, ó sì ní ìbéèrè tí wọn yóò bi í.

Ohun tí ìjọba amúnisìn mú wá yàtọ̀, mo sì rò pé ìrántí rẹ̀ ló mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa máa fura sí ètò ìlú títí di òní. Ní 1917 wọ́n ṣe òfin tó pín ìlú sí ìpele mẹ́ta, Èkó nìkan ni wọ́n sì fi sí ìpele kìn-ín-ní. Lábẹ́ ìlànà ìgbà yẹn, ilẹ̀ òfìfo yáàdì 440 ni ó gbọ́dọ̀ wà láàrin ibùgbé àwọn òyìnbó àti ti àwọn ọmọ ilẹ̀. Ẹ̀fọn àti ibà ni wọ́n fi ṣe àwáwí, àwọ̀ ara ni ìpín náà tẹ̀ lé. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1924, ló bí LEDB, àjọ tó ń bójú tó àtúntò ìlú Èkó, ní 1928. Láti 1955 ni àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ṣe ìwádìí láàrin wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ó rí i pé ilé tuntun náà dára, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ń tajà pàdánù oníbàárà wọn, ẹbí tó ti ń gbé pọ̀ sì fọ́n ká. Wọ́n ti ro ọ̀rọ̀ ògiri àti ojú ọ̀nà dáadáa. Ọ̀rọ̀ bí àwọn ènìyàn náà ṣe ń jẹun ni wọn kò rò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, n ó tún fọwọ́ kàn án.

N kò ní pẹ́ lórí òfin. Ti 1946, tí wọ́n ṣe ní àwòkọ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1932, la lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kẹta 1978, Òfin Ìlò Ilẹ̀ fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà pé kí ó máa bójú tó o fún ará ìlú. Ní 1992, ìjọba ológun ṣe òfin ètò ìlú tuntun, wọ́n sì ṣe òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká lọ́dún kan náà. Ní 2003, nínú ẹjọ́ tí Èkó bá ìjọba àpapọ̀ ṣe, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà, àfi ní Abuja. Èkó wá ṣe òfin tirẹ̀ ní 2010, ó fi ìwé àṣẹ sí ọwọ́ LASPPPA, ó fi àbójútó iṣẹ́ ìkọ́lé sí ọwọ́ LASBCA. Ẹ mọ àwọn orúkọ méjèèjì yìí yàtọ̀ síra wọn, nítorí àwọn tó ń gbàbọ̀dè máa ń fi ọ̀kan pe èkejì.

Níbi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù rèé. Ènìyàn á ra ilẹ̀ lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí, wọ́n á fún un ní ríṣíìtì àti ìwé àdéhùn, agbẹjọ́rò á bá a tẹ̀ ẹ́, bóyá ó tilẹ̀ ti gba C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni. Ó gbà pé ilẹ̀ ti di tòun, ohun tó bá wu òun lòun lè fi ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pé ilẹ̀ jẹ́ tìrẹ, ọ̀rọ̀ kan nìyẹn. Pé ìlú gbà kí o fi ṣe ọjà tàbí iléeṣẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Inú C of O gan-an ni wọ́n ń kọ ìlò tí wọ́n torí rẹ̀ fúnni sí. Ẹni tó gba ilẹ̀ fún ilé gbígbé, tó wá fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ìkẹ́rùsí síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyípadà ìlò ilẹ̀, ìjọba sì lè kọ̀ fún un.

Ìdí tí ìjọba fi lè kọ̀ wà nínú òfin ètò ìlú ti 1992 ní kedere. Ọ̀kan ni pé iṣẹ́ náà lòdì sí ètò tí wọ́n ti fọwọ́ sí fún àgbègbè náà. Èkejì ni pé yóò di ìyọlẹ́nu fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀, tàbí pé yóò ba àyíká àti ohun amáyédẹrùn tó wà nílẹ̀ jẹ́ ní ọ̀nà tí kò ní àtúnṣe. Èkejì yìí ni kí ẹ kà dáadáa. Àwọn aládùúgbò wà nínú òfin. Kì í ṣe àánú ni oníṣẹ́ ń ṣe wọ́n nígbà tí ó bá lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ ti rí i lójú yín bí ìlò ilẹ̀ ṣe ń yí padà. Ilé gbígbé ni wọ́n torí rẹ̀ ṣètò Victoria Island, lónìí ilé ìfowópamọ́ ló kún ibẹ̀. Ojú ọ̀nà Awolowo ní Ìkòyí àti Allen ní Ìkẹjà rin irú ìrìn kan náà. Ní àgbègbè iléeṣẹ́ Ìkẹjà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn là sílẹ̀, òdìkejì ló ṣẹlẹ̀: ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ̀rọ ti ń dún tẹ́lẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn àríyá. Ìlú kò lè dúró lójú kan, èmi kò sì sí nínú àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àyípadà náà ṣẹlẹ̀ ní gbangba, kí a ti ṣírò rẹ̀, kí orúkọ ẹni tí yóò san owó rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ká ní ẹgbẹ́ oníṣòwò kan rí ilẹ̀ hẹ́kítà 10 ní ìhà Ìkòròdú, wọ́n fẹ́ kọ́ ìsọ̀, ọ́fíìsì, ilé ìkẹ́rùsí àti ibi ìtúnṣe ẹ̀rọ. Hẹ́kítà 10 jẹ́ 100,000 mítà onígun mẹ́rin. Lójú ẹni tó ń wo igbó, ilẹ̀ yẹn kò lópin.

Ká fi mọ́tò bẹ̀rẹ̀. Bí 600 mọ́tò bá wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 25 mítà onígun mẹ́rin, pẹ̀lú àyè tí yóò fi yí, 15,000 mítà onígun mẹ́rin nìyẹn. Hẹ́kítà kan àti ààbọ̀ ti lọ fún mọ́tò tó dúró lásán, a kò tíì fún tírélà láyè láti já ẹrù. Bí wọn kò bá fi àyè yìí sínú ọgbà, ojú títì ni mọ́tò yóò dúró sí. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tí ẹ ń bá pàdé ní àràárọ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ẹnì kan kò fi sílẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ ló wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ó kan ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọlọ́lá kì í fẹ́ kí a sọ nínú gbọ̀ngàn. Bí 1,000 òṣìṣẹ́ bá wà níbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo omi 50 lítà lójúmọ́, 50,000 lítà omi ẹ̀gbin ni, tánkà oní-10,000-lítà márùn-ún lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Àwọn oníbàárà kò sí nínú ìṣirò yìí o. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ilẹ̀ omi, bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ etí ọ̀sà ṣe rí, sọ́kàwéè kò ní mu ún. Yóò jáde lọ́nà kan ṣáá, kànga àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ bá.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni òjò. Òjò tí omi rẹ̀ ga tó mìlímítà 50 kò ṣàjèjì sí wa ní oṣù Kẹfà. Nígbà tí ilẹ̀ náà wà ní igbó, púpọ̀ nínú omi yẹn ni ilẹ̀ ń mu. Ẹ wá fi òrùlé, kọnkéré àti ọ̀dà bo gbogbo rẹ̀. Mìlímítà 50 lórí hẹ́kítà 10 jẹ́ mílíọ̀nù lítà márùn-ún. Tánkà oní-10,000-lítà, 500 ni yóò gbé e. Inú wákàtí díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò máa wá ojú ọ̀nà tí yóò gbà lọ. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò níí gbà fún un. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ojú omi ní Èkó fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àwòrán irú iṣẹ́ yìí, tí onímọ̀ ètò ìlú tó mọṣẹ́ fi máa ń fi adágún kékeré sínú ọgbà láti gba omi dúró díẹ̀. Àwọn olówó máa ń bínú sí adágún náà. Wọ́n ní ìsọ̀ 20 ni ì bá gba àyè rẹ̀. Òótọ́ ni. Ilé àwọn ẹlòmíràn nísàlẹ̀ ni ìsọ̀ 20 yẹn ì bá sì wó.

Nígbà tí ìṣirò bá ti dé ibí yìí, ẹ ó rí i pé ohun tí ìjọba ń béèrè kò ṣòroó yé. Ohun àkọ́kọ́, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún onílẹ̀, ni kí ẹ mú ìwé sàféè lọ sí ọ́fíìsì sàféyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀, kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí iléeṣẹ́ ètò ìlú, kí ẹ béèrè lórí ìwé ohun tí ètò àgbègbè náà sọ nípa ilẹ̀ yẹn: ṣé ilé gbígbé ni, ṣé oko ni, ṣé iléeṣẹ́ ni, ṣé ọ̀nà tuntun yóò gba ibẹ̀ kọjá. Owó tí wọ́n ń gbà lórí ìbéèrè yìí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilẹ̀. Síbẹ̀, lára àwọn tí mo ti bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ yìí, àwọn tó ti san owó ilẹ̀ tán kí wọ́n tó béèrè ló pọ̀ jù. Ẹ sì ṣọ́ra fún ilẹ̀ etí títì ìjọba àpapọ̀, nítorí mítà márùndínláàádọ́ta àti díẹ̀ láti àárín ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ọ̀nà. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní etíkun Oniru ní 2024, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà tí yóò ti Èkó dé Calabar bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wó ibi ìṣòwò àti ibi ìgbafẹ́ tó wà lójú ọ̀nà náà.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ gba onímọ̀ ètò ìlú tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ TOPREC, àjọ tó ń forúkọ àwọn onímọ̀ ètò ìlú sílẹ̀. Òun ni yóò ṣe ìjábọ̀ lórí ilẹ̀ náà, tí yóò sì ya bí gbogbo ọgbà náà yóò ṣe rí: ibi tí ọ̀nà yóò gbà, ibi tí tírélà yóò ti wọlé láìdí ẹnu ọ̀nà àwọn aládùúgbò, ibi tí iná, omi àti ẹ̀gbin yóò gbà. Gbogbo ọgbà ni ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí, kí a tó wá máa tọrọ ìwé àṣẹ fún ilé kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ayàwòrán ilé àti ẹnjiníà ń tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àyẹ̀wò erùpẹ̀, ìwé owó orí, ọ̀rọ̀ àwọn panápaná, àti ìwádìí lórí ohun tí ọgbà náà yóò ṣe sí lílọ bíbọ̀ ọkọ̀. Òfin ètò ìlú ti 1992 ti sọ pé bí iléeṣẹ́ bá jẹ́ ti ẹ̀rọ, tàbí bí ọ́fíìsì bá ju àjà mẹ́rin lọ, tàbí tí àyè tí wọ́n fẹ́ fi háyà nínú rẹ̀ bá ju 5,000 mítà onígun mẹ́rin lọ, ìwé lórí ipa tí yóò ní lórí àyíká gbọ́dọ̀ bá ìwé ìtọrọ àṣẹ rìn. Ọgbà hẹ́kítà 10 ti ré kọjá ìwọ̀n yẹn dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ilẹ̀ kankan láti tà, ẹ̀yin tí ẹ kàn ń gbé ìtòsí, ọ̀rọ̀ yín ló kù. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ ńlá lórí àyíká, òfin ní kí wọ́n gbé ìwé náà síta kí ará ìlú lè kà á, kí wọ́n sì kọ èrò wọn sílẹ̀. Púpọ̀ nínú yín kò mọ̀ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ yìí. Wọ́n á lẹ ìkéde mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀ tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn kan tí ẹnikẹ́ni kò rà ní àdúgbò náà, ọjọ́ á kọjá, wọ́n á ní kò sí ẹni tó takò ó. Ó dùn mí gan-an. Mo ń bẹ àwọn baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ onílé: ẹ yan ẹni méjì tó mọ̀wé, kí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa yẹ ara ògiri yẹn wò, kí wọ́n sì túmọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ fún ìpàdé àdúgbò. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ̀wé, ẹ má kọ̀wé èébú. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí: ojú omi tó gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún wo, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gba ọ̀nà yẹn lọ, kànga tí ó wà nísàlẹ̀. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ náà, ẹ má sá fún ìpàdé yìí. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti bá jókòó, tí wọ́n ti gbọ́ pé tírélà kò ní wọlé lóru, pé gọ́tà tuntun yóò dé ojúlé wọn, pé ọmọ wọn yóò ríṣẹ́, àwọn ni yóò dúró tì yín nígbà tí ìjọba bá yí padà. Kí ẹ kọ àdéhùn yẹn sílẹ̀, kí ẹ sì bẹ ìjọba pé kí wọ́n fi sínú ìwé àṣẹ gẹ́gẹ́ bí májẹ̀mú. Ìlérí ẹnu kò ní ẹni tí yóò mú un ṣẹ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ lọ́kàn: ta ló ń ṣe gbogbo èyí? Ṣebí wọ́n mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan. Mo ti rí ìwé àṣẹ tí ẹnì kan rà lábẹ́ tábìlì. Òǹtẹ̀ rẹ̀ dára, àwòrán rẹ̀ kò sí nínú fáìlì ìjọba. Ọjọ́ tí wọ́n wá fi àmì pupa sára ògiri, ẹni tó gba owó náà ti kúrò níbẹ̀. Èmi bínú sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ kí fáìlì sùn sórí tábìlì kí ẹni tó tọrọ àṣẹ lè wá fún wọn ní nǹkan. Àwọn ló ń kọ́ ará ìlú láti máa kọ́lé lóru. Bí ìjọba bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn tẹ̀ lé òfin, kí ó dá èsì padà lásìkò, kí ó sì kọ ìdí tí ó fi kọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó bá kọ̀, kí ẹni náà lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ lórí ètò ìlú. Òfin ti pèsè irú ìgbìmọ̀ yẹn láti 1992. Ẹ̀tọ́ ni.

Ó wá kan àwọn oníṣòwò kéékèèké, nítorí mo ní n ó tún fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ Sùúrùlérè. Ọgbà ìṣòwò lè ní gbogbo ìwé, kí òjò má rí nǹkan fi ṣe é, kí tírélà ráyè yí nínú rẹ̀, síbẹ̀ kí ó ṣófo. Àwọn tó wà ní Otigba ń béèrè lórí Katangowa pé: oníbàárà tó ń ti Òṣòdì tàbí Yábàá bọ̀, báwo ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Eélòó ni ìsọ̀, ta sì ni yóò lè san án? Ọmọ iṣẹ́ tó ń fi tábìlì kan ṣoṣo tún fóònù ṣe, ibo ló máa jókòó? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, ìbéèrè tí àwọn ìyá Èkó kò rí ẹni bi ní 1955 ni. Ọkọ̀ ojú irin tí ìjọba ṣí ní oṣù Kejì 2024, tó wá láti Agbado dé Oyíngbò, ní ibùdókọ̀ ní Ìkẹjà. Ẹni tó bá ń kó ọjà kúrò lẹ́bàá irú ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi ohun tí yóò dípò rẹ̀ hàn nínú àwòrán rẹ̀, kì í ṣe nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní tèmi, kò yẹ kí ìjọba fọwọ́ sí ọgbà ìṣòwò kankan tí kò ya àyè sọ́tọ̀ fún ìsọ̀ kékeré àti tábìlì àwọn atúnṣe, ní iye owó tí wọ́n lè san. Bí a kò bá fún wọn láyè nínú ọgbà, etí ògiri rẹ̀ ni wọn yóò pàtẹ sí, ọdún márùn-ún kò sì ní pé tí gọ́tà tuntun náà yóò fi di ìsọ̀.

Iṣẹ́ kò tán lọ́jọ́ tí ìwé àṣẹ bá dé ọwọ́. LASBCA gbọ́dọ̀ wá wo ìpìlẹ̀, wo irin, wo àjà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé pé ilé náà yẹ fún ènìyàn láti wọ̀, kí ẹ tó kó ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n wá sílẹ̀, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ. Kí àwòrán tí wọ́n fọwọ́ sí wà lára ògiri ọ́fíìsì ọgbà náà níbi tí gbogbo onísọ̀ yóò ti máa rí i, kí ẹni tó bá fẹ́ fi páànù kún ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ lè rí i pé ojú ọ̀nà panápaná ló fẹ́ dí.

Mo rí i pé àwọn kan nínú yín mú ìwé sàféè wọn dání. Àkọ̀wé ẹgbẹ́ ti tẹ́ tábìlì kan sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìbéèrè nísinsìnyí, lẹ́yìn náà n ó jókòó síbẹ̀, a ó jọ wo ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan.